Kóòtù Mẹ́ta Fún Ínṣì, Ọmọ Télọ̀ (1999–2023)

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kẹta, ọdún 1999 ni a bí olóògbé, nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀, níbi tí ògiri pákó kan ṣoṣo ya ibùsùn ìyá rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Òun ni àkọ́bí Bàbá Télọ̀ àti Ìyá Oníbúrẹ́dì. Ìran abẹ́rẹ́ ni ìran bàbá rẹ̀: bàbá tó bí bàbá rẹ̀ ń rán àgọ́ àti àpò, ẹni tó bí ìyẹn ń rán gàárì ẹṣin. Ìran ààrò ni ti ìyá rẹ̀, àwọn ènìyàn tó jẹ́ pé kí ilẹ̀ tó mọ́, ìyẹ̀fun á ti sọ irun wọn di funfun bí irun arúgbó.

Agbẹ̀bí tó gbẹ̀bí rẹ̀ mú òṣùwọ̀n ìwúwo wá, ṣùgbọ́n kò mú ohun tí wọ́n fi ń wọn gígùn ọmọ. Bàbá Télọ̀ bọ́ téèpù tó wà lọ́rùn wọn, wọ́n wọn ọmọ náà láti àtàrí dé gìgísẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ìwọ̀n, láàárín ṣòkòtò awakọ̀ kan àti búláòsì ìyàwó awakọ̀ náà: ínṣì mọ́kànlélógún. Agbẹ̀bí wò wọ́n títí. Ó ní, "Télọ̀, ṣé aṣọ lẹ fẹ́ rán fún un ni, àbí ẹ fẹ́ gé e?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni orúkọ tí a sọ ọ́ ti di orúkọ inú ìwé lásán. Ínṣì ni àdúgbò ń pè é, Ínṣì náà ni àwọn ṣọ́jà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì pè é títí ó fi dákẹ́.

Ní gbogbo ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kẹta, Bàbá Télọ̀ máa ń mú un dúró sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á sì wọ̀n ọ́n: gígùn, èjìká, àyà, ìbàdí. Ọdún tí kò bá sí nílé nìkan ni wọ́n ń fò. Ìwé ìwọ̀n náà wà títí di òní. Ẹni tó bá ka àwọn ìlà rẹ̀ tẹ̀léra á rí ọmọ kan tó ń dìde díẹ̀díẹ̀, bí búrẹ́dì ìyá rẹ̀ ṣe ń dìde nínú agolo.

Ó bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2004. Kì í ṣe òun ló mọ ìwé jù ní kíláàsì, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́ tó o. Ní kíláàsì kẹrin, ó sọ fún olùkọ́ ìṣirò pé rúlà gígùn tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn kò péye. Olùkọ́ ní, "Ọmọ télọ̀, ẹnu ẹ yẹn ló yẹ ká kọ́kọ́ wọ̀n." Ínṣì kò bá a jà. Ó fi hàn án pé orí rúlà náà ti jẹ nítorí pé wọ́n ń fi gbá tábìlì lọ́dọọdún, àti pé ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n láti etí rẹ̀ ti pàdánù ìdá kan nínú mẹ́rin ínṣì kí ó tó ṣe nǹkan kan. Ó ní kí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìlà kìíní, kí wọ́n sì yọ ẹyọ kan kúrò nínú ohun tí wọ́n bá bá. Olùkọ́ náà ń ṣe é bẹ́ẹ̀ di òní. Ó jókòó láàárín yín níbí.

Ó jáde ilé ẹ̀kọ́ girama ní ọdún 2016, ọdún yẹn náà ló sì tún gọ́tà àdúgbò ṣe. Omi ti ń dúró sí ẹnu ọ̀nà aṣebàtà láti ìgbà tí wọ́n ti gbẹ́ gọ́tà náà, gbogbo ènìyàn sì ti gbà pé ilẹ̀ ibẹ̀ ló burú. Ínṣì wá rọ́bà gígùn kan tó mọ́ gaara, ó bu omi sínú rẹ̀, ó ní kí aṣebàtà di orí kan mú sókè, òun náà di èkejì mú, ó rìn dé òpin òpópónà. Omi kì í parọ́. Bó ti wù kí rọ́bà gùn tó, ibi tí omi bá ga dé ní orí kìíní náà ló máa ga dé ní orí kejì. Báyìí ló ṣe rí i pé ìsàlẹ̀ gọ́tà fi ìka mẹ́ta ga ju òkè rẹ̀ lọ: òkè ni wọ́n ti ń ní kí omi máa gùn láti ọjọ́ yìí wá. Òun àti ọ̀dọ́ mẹ́rin fi ọjọ́ mẹ́fà tún un gbẹ́. Aṣebàtà máa ń sọ pé ọjọ́ náà ni òun tó mọ̀ pé ilẹ̀ òun ò lẹ́bi, orí àwọn tó gbẹ́ ẹ ni.

Nínú ìgbàgbọ́, olóògbé kì í ṣe aláriwo. Òun ló ń to àga ilé ìjọsìn ní gbogbo òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Òwú ló ń ta láti ògiri dé ògiri kó tó tò ó, kò sì sí àga tó ń yọ orí síta. Bí wọ́n bá bi í pé kí ló dé tí kì í dara pọ̀ mọ́ akọrin, á ní orin tí Ọlọ́run ti gbọ́ pọ̀, ó ṣeé ṣe kí ó fẹ́ rí ìlà kan tó tọ́.

Bàbá Télọ̀ ti fi àga kan sílẹ̀ fún un nídìí ẹ̀rọ kejì. Kò jókòó síbẹ̀. Ní oṣù Kejì, ọdún 2018, ó gba fọ́ọ̀mù iṣẹ́ ológun. Bàbá rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ kì í pa ènìyàn, kí ló ń wá lọ sídìí ìbọn? Ní ti ìyá rẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni búrẹ́dì fi jó ní ilé náà. Ínṣì rọ̀ wọ́n pé kì í ṣe ìbọn ni òun ń lọ gbé, omi ni. Òótọ́ ló sọ. Lẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ oṣù mẹ́sàn-án, wọ́n fi í sí ẹ̀ka tó ń sẹ́ omi fún àwọn ọmọ ogun, wọ́n sì gbé e lọ sí ibùdó kan tó jìn tó ìrìn ọjọ́ mẹ́ta nínú ọkọ̀. Lórí fóònù, ó máa ń ròyìn ẹ̀rọ rẹ̀ fún bàbá rẹ̀ bí ẹni ń ròyìn àfẹ́sọ́nà: òkúta wẹ́wẹ́ lókè, yanrìn líle lábẹ́ rẹ̀, yanrìn kíkúnná lábẹ́ ìyẹn, èédú nísàlẹ̀, oògùn kẹ́yìn. Igba ṣọ́jà ló mu omi ọwọ́ rẹ̀ fún ọdún mẹ́rin, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó tìtorí omi dùbúlẹ̀. Àìsàn tó pa òun fúnra rẹ̀, inú omi kọ́ ló ti wá.

Olóògbé kò tíì gbéyàwó. Nígbà tó wá sinmi nílé ní oṣù Kẹta ọdún yìí, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ti rí olùkọ́ kan, àti pé àwọn òbí olùkọ́ náà á gba òun lálejò ní oṣù Kẹsàn-án. Ó ra odindi ìdì aṣọ aláwọ̀ eérú kan. Ó ní kí Bàbá rán kóòtù àti ṣòkòtò fún òun nínú rẹ̀, kí wọ́n fi èyí tó bá kù rán tiwọn, nítorí pé àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ máa lọ. Bàbá Télọ̀ mú un dúró sí ẹnu ọ̀nà bí wọ́n ti máa ń ṣe. Àyà rẹ̀ jẹ́ ínṣì méjìdínlógójì. Ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Nínú oṣù Kẹfà ni ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀ lórí fóònù. Ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀ ni kò dáa, ara òun le. Ohun tó ń bèèrè ní gbogbo ìgbà kò ju ọ̀kan lọ: ṣé Bàbá ti rán an tán?

Bàbá Télọ̀ parí kóòtù kìíní ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà oṣù Keje, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí kì í bá ṣe télọ̀ lè má mọ̀ pé wọn kì í rán kóòtù kí ó bá àyà ènìyàn dọ́gba. Ìlà méjì ni télọ̀ máa ń fi ṣọ́ọ̀kì fà sí inú aṣọ. Èkíní ni ìlà ara. Èkejì fi ínṣì mẹ́rin jù ú lọ, òun ni wọ́n ń pè ní àyè ìmí, nítorí pé bí kò bá sí, tí ẹni tó wọ aṣọ bá mí kanlẹ̀, bọ́tìnnì á já. Kóòtù Ínṣì yẹ kó jẹ́ méjìlélógójì. Nígbà tí Bàbá Télọ̀ de bọ́tìnnì rẹ̀ tí wọ́n wọ̀n ọ́n, ogójì géérégé ni wọ́n bá. Aṣọ ẹni tí àyà rẹ̀ jẹ́ mẹ́rìndínlógójì ni.

Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n ti ń gé aṣọ, wọn ò ṣi irú rẹ̀ gé rí. Wọ́n kọ́kọ́ fura sí aṣọ. Wọ́n gé ègé kan tó jẹ́ ínṣì mẹ́wàá ní ìbú àti ní òró, wọ́n rẹ ẹ́ sínú omi, wọ́n sá a, wọ́n lọ̀ ọ́. Ínṣì mẹ́wàá ló ṣì jẹ́. Wọ́n fura sí téèpù. Òótọ́ ni pé téèpù aṣọ máa ń nà bó bá pẹ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n téèpù tó bá nà á mú kí aṣọ tóbi jù ni, kì í sọ ọ́ di kékeré. Síbẹ̀ wọ́n tẹ́ ẹ sórí ọ̀pá onírin, ìlà sì bá ìlà mu láti orí dé ìdí. Ìyá Oníbúrẹ́dì ní gbogbo nǹkan ni wọ́n ti wọ̀n tán, ó ku ojú wọn. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbé kóòtù náà kọ́.

Nígbà tí wọ́n máa gé èkejì, Ìyá Oníbúrẹ́dì ló mú ìwé ìwọ̀n dání, tí wọ́n ń pe nọ́ńbà síta lọ́kọ̀ọ̀kan, tí Bàbá Télọ̀ ń pè é padà kí wọ́n tó fi ṣọ́ọ̀kì kan aṣọ. Ó parí ní Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́ oṣù Keje. Méjìdínlógójì ni wọ́n bá pẹ̀lú àyè ìmí nínú rẹ̀. Aṣọ ẹni tí àyà rẹ̀ jẹ́ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni. Kò sí ẹni tó ṣàwàdà lọ́jọ́ náà. Ìyá Oníbúrẹ́dì ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí ọwọ́ wọn sinmi.

Wọ́n fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹjọ, wọ́n jókòó ti ẹ̀kẹta. Ohun tí Bàbá Télọ̀ rántí ni pé àwọn mú ṣọ́ọ̀kì. Nígbà tí wọ́n gbójú sókè, aago mẹ́rin ti lù, oúnjẹ ọ̀sán ti tutù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kóòtù àti ṣòkòtò sì wà níwájú wọn, ó ti parí tòun ti bọ́tìnnì, aṣọ tó yẹ kó gba ọjọ́ mẹ́ta. Wọn ò rántí ìgbà tí wọ́n fi òwú sí ojú abẹ́rẹ́. Wọ́n wọ̀n ọ́n. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Wọ́n gbé aṣọ inú rẹ̀ sókè láti wá ìlà ṣọ́ọ̀kì. Ìlà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ìlà ara. Kóòtù náà kò ní àyè ìmí.

Wọ́n gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ́ sórí okùn kan, èyí tó tóbi jù síwájú. Bí aṣebàtà ṣe yọjú wọlé láti tọrọ abẹ́rẹ́ nìyẹn. Ó rí wọn, ó sì dúró. Aṣọ kan náà, àwọ̀ kan náà, tó ń kéré lọ bí ènìyàn tí a ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ lójú ọ̀nà tó gùn. Ó ní, "Télọ̀, ta lẹni yìí tó ń lọ?" Bàbá Télọ̀ ní kó mú abẹ́rẹ́ rẹ̀ kó máa lọ sílé.

Kò pẹ́ sí i tí fóònù dún. Ínṣì ni. Ohùn rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ó súnmọ́ni, bí ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri pákó náà. Kò béèrè bóyá wọ́n ti rán an tán. Ó ní, "Bàbá, ó bá mi mu." Bàbá Télọ̀ ní kí ló bá a mu? Fóònù ti já. Wọ́n pè é títí di ọjọ́ kejì, kò wọlé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì yẹn, ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹjọ, ọdún 2023, olóògbé dákẹ́ ní ilé ìwòsàn ibùdó náà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni. Àrùn ẹ̀dọ̀ ló fi ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án jẹ ẹ́ tán. Ó ti bẹ àwọn ọ̀gá rẹ̀ pé kí wọ́n má sọ fún ilé nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá rẹ̀, pé bí ara òun bá yá, òun á fi ẹnu ara òun sọ ọ́. Ọjọ́ kẹrìndínlógún ni ìròyìn tó kàn wá. Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlélógún, ni pósí dé, pẹ̀lú ọ̀gá ológun kan àti ọ̀rẹ́ Ínṣì tí wọ́n jọ ń sùn ní yàrá kan, ẹni tí wọ́n ń pè ní Kúkúrú.

Wọ́n ti kan pósí náà pa, wọ́n sì lẹ ìwé mọ́ ọn pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí i. Nọ́ńbà iṣẹ́ tó wà lórí ìdérí rẹ̀ parí sí méje. Nọ́ńbà Ínṣì, tí ìyá rẹ̀ mọ̀ bí ẹni mọ àdúrà, ọ̀kan ló parí sí. Ọ̀gá ológun náà tọrọ àforíjì. Ó ní akọ̀wé kan ló kọ ọ̀kan tó dà bíi méje, tí akọ̀wé mìíràn sì dà á kọ. Ìyá Oníbúrẹ́dì gbọ́ ọ títí dé òpin. Wọ́n ní, "Àpótí lẹ gbé wá. Ẹ ò gbé ọmọ mi wá."

Kò sí bí a ò ṣe bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní ìyá kan wà níbì kan tó ń dúró de ẹni tó wà nínú àpótí yìí, àti pé bí àwọn bá sin ọmọ ọlọ́mọ, tí ọmọ tiwọn ń bẹ lórí ibùsùn àìsàn níbì kan tó ń retí kí wọ́n wá wo òun ńkọ́? Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má pe "olóògbé" nínú ilé àwọn. Atẹ̀wé tó wá gba ọ̀rọ̀ ìwé yìí, wọ́n fún un ní búrẹ́dì, wọ́n sì ní kó máa padà lọ. Ọ̀gá ológun náà sọ òfin wọn: bí ẹbí kò bá gba òkú kí ọjọ́ Ẹtì tó parí, àwọn á gbé e padà sí ibùdó, àwọn á sin ín sí itẹ́ òkú àwọn ṣọ́jà níbẹ̀. Ìrìn ọjọ́ mẹ́ta. Bàbá Télọ̀ mọ̀ pé bí òun bá fi agbára sin ín nílé, ìyàwó òun kò ní bá òun sọ̀rọ̀ títí ayé. Bí wọ́n bá sì gbé e padà, bó bá jẹ́ pé òun ni lóòótọ́, kò ní wálé mọ́ láé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n pe Kúkúrú wọ ṣọ́ọ̀bù. Bí ó ti rí kóòtù mẹ́ta lórí okùn, kò lè jókòó. Wọ́n bi í pé kí ló ṣe é.

Ó ní, "Bàbá, ó máa ń gbé apá méjèèjì sókè lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ní kí ló dé? Ó ní kí n dákẹ́, pé ẹ̀yin lẹ ń wọn òun ní ìwọ̀n aṣọ."

Ìgbà mẹ́ta ló rí i tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó mọ ọjọ́ rẹ̀, nítorí pé Ọjọ́bọ̀ ni òun máa ń ráyè wá jókòó tì í ní ìrọ̀lẹ́. Ní ìgbà méjì àkọ́kọ́, Ínṣì ní Bàbá ní kí òun mí sínú, ó sì mí sínú. Ní ìgbà kẹta, tí ó jẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ikú rẹ̀, ó ní Bàbá ní kí òun mí síta. Lẹ́yìn náà ló ní kí Kúkúrú bá òun pe ilé, kó gbé fóònù sí òun létí.

Gbogbo oníbàárà wa ló mọ̀ pé bí Bàbá Télọ̀ bá ti yí téèpù ká àyà ènìyàn, wọ́n á ní, "Mí sínú." Wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí pé kó mí síta. Wọ́n bi Kúkúrú bóyá ẹ̀rù ń ba Ínṣì nígbà náà. Kúkúrú ní rárá. Ó ní ńṣe ló rọra ń yí síhìn-ín, tó ń yí sọ́hùn-ún, bí ọmọdé tó ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Bàbá Télọ̀ kó ọ̀rọ̀ náà tọ Ìyá Oníbúrẹ́dì lọ. Wọ́n gbọ́ ọ tán, ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹni tí ibà ń ṣe lè sọ ohunkóhun, àti pé Kúkúrú kò kan pósí náà, kò sì mọ ẹni tí wọ́n gbé sínú rẹ̀. Òótọ́ ni. Kúkúrú fúnra rẹ̀ gbà pé lẹ́yìn tí wọ́n gbé e kúrò ní yàrá àìsàn, òun ò rí i mọ́.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlélógún, ọ̀gá ológun náà gbà kí wọ́n ṣí pósí, kí bàbá nìkan wọlé, kí ó wò ó fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú. Bàbá Télọ̀ fi téèpù kọ́rùn, wọ́n ká kóòtù kẹta àti ṣòkòtò rẹ̀ sínú àpò. Yàrá tí wọ́n ń tọ́jú òkú sí mọ́, ó tutù, fèrèsé rẹ̀ ga. Ojú tí wọ́n bá níbẹ̀, wọn ò mọ̀ ọ́n. Àìsàn ti kó gbogbo ẹran rẹ̀ lọ, awọ ara rẹ̀ ti pọ́n, ó sì ti ṣú. Ó lè jẹ́ ọmọ ẹnikẹ́ni. Ó tilẹ̀ lè jẹ́ bàbá arúgbó kan.

Wọ́n bọ́ téèpù kúrò lọ́rùn. Lẹ́yìn náà wọ́n ṣe ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe. Àìsàn a máa jẹ ẹran ara, kì í jẹ gígùn egungun. Wọ́n fi téèpù lé èjìká ọ̀tún, wọ́n fà á dé ọrùn ọwọ́: ínṣì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Wọ́n bọ́ sí òsì, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n sì tún un wọ̀n. Nígbà náà ni wọ́n mú aṣọ jáde, wọ́n wọ̀ ọ́ fún un. Wọn ò lo píìnì kankan. Bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan bá ihò rẹ̀ pàdé láìsí pé wọ́n fa nǹkan kan, aṣọ náà sì tẹ́ sí i lára bí ẹni pé ara náà ló bí i.

Ìdí ààrò ni wọ́n bá Ìyá Oníbúrẹ́dì, tí wọ́n ń po ìyẹ̀fun. Wọn ò béèrè pé ṣé òun ni. Wọn ò tilẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n ní, "Bàbá Ínṣì, apá òsì rẹ̀ ńkọ́?"

Láti ìgbà tí Ínṣì ti wà ní ọmọ ọdún méje ni Bàbá Télọ̀ ti ń gé apá òsì aṣọ rẹ̀ kó fi ìdajì ínṣì gùn ju ọ̀tún lọ. Wọn ò sọ fún ọmọ náà, kó má baà máa rìn bí ẹni tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọn ò kọ ọ́ sínú ìwé ìwọ̀n. Wọn ò sọ fún ìyàwó wọn, nítorí wọ́n ní ìyá kì í gbọ́ irú rẹ̀ kó sùn. Ìyá Oníbúrẹ́dì sì ti mọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ń wẹ̀ ẹ́ nínú bàsíà, tí wọ́n máa ń na apá rẹ̀ méjèèjì síwájú, tí ìka òsì á ṣáájú. Wọn ò sọ fún ọkọ wọn, nítorí pé télọ̀ tó bá rí i lẹ́ẹ̀kan kò ní yé wò ó mọ́. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni àwọn méjèèjì fi pa ọ̀rọ̀ kan náà mọ́ fún ara wọn nínú ilé kan.

Bàbá Télọ̀ ní, "Ó fi ìdajì ínṣì gùn ju ọ̀tún lọ."

Ìyá Oníbúrẹ́dì fi aṣọ bo ìyẹ̀fun. Wọ́n nu ọwọ́, ìka kan tẹ̀lé èkejì. Wọ́n ní, "Òun ni." Wọ́n wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n sì sunkún ọmọ wọn fún ìgbà àkọ́kọ́.

Nínú irú ìwé báyìí, ibi tí a dé yìí ló yẹ kó kún jù, níbi tí a ti ń to orúkọ ọmọ àti ọmọ-ọmọ. Olóògbé kò bímọ. Ọmọ ló yẹ kó sin òbí, ti wa ló dorí kodò. Àwọn tó gbẹ̀yìn rẹ̀ ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó ń kọ́ iṣẹ́ irun ṣíṣe. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Ìyá bàbá rẹ̀, tí a ti sọ fún lẹ́ẹ̀mẹta, tí wọ́n sì ń bi wá lójoojúmọ́ pé ìgbà wo ló ń bọ̀. Olùkọ́ kan, tí àwọn òbí rẹ̀ ti tún ilé ọ̀dà kùn de àlejò oṣù Kẹsàn-án. Kúkúrú, tí a ti mú ní ọmọ. Àti igba ṣọ́jà tó mu omi ọwọ́ rẹ̀.

Kóòtù méjì tó kù ṣì wà lórí okùn ní ṣọ́ọ̀bù. Àwọn kan ti gbà wá nímọ̀ràn pé ká tú wọn, àwọn kan ní ká sun wọ́n. Bàbá Télọ̀ ní àwọn ò ní tú ojú rírán kan nínú wọn títí ẹnìkan á fi fi ibi tí ìwọ̀n ti yí padà han àwọn. A kò fi nǹkan kan kún un, a kò sì yọ nǹkan kan kúrò nínú rẹ̀. Bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ la ṣe kọ ọ́.

Lónìí, ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù Kẹjọ, a gba ọmọ wa lọ́wọ́ àwọn ológun. Ẹ̀yin tí ẹ fi iṣẹ́ yín sílẹ̀ wá, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú àdúrótì. Ọ̀fọ̀ irú èyí kò ní ṣẹ̀ yín.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú náà, Ìyá Oníbúrẹ́dì rán àbúrò Ínṣì obìnrin lọ bá atẹ̀wé tí wọ́n ti lé padà. Wọ́n ní kó tẹ ìwé yìí, ṣùgbọ́n kó má fi ọ̀rọ̀ ìdágbére tó ń fi sí ti gbogbo ènìyàn parí rẹ̀. Èyí ni kó fi sí i:

Ọmọ mi, ìwọ ni mo rí gbà. Ilé lo wà. Sùn.